Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ìdìwé Nítorí Àwọn Ọmọ Òrukàn

Ìwé tí a bá fi ta ọmọ òrukàn lọ́rẹ, ìdajì ọrẹ náà ṣì wà lọ́nà nígbà tí páálí rẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ọwọ́ ẹni tó máa tò ó, tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó máa rán èyí tó já, ni ìdajì yòókù wà. Mo mọ èyí láti inú iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ lọ́dọ̀ bàbá adìwé kan ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

Ilé ìwé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn: àwọn ìjọ, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn ìyá tí ọmọ tiwọn ti kọjá ìwé ọmọdé. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kó o sí, tòun ti ìrẹsì àti aṣọ, yóò wá gba orí omi dé Àpápá. Ẹ̀mí rere ló bí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn nílùú òyìnbó, tó tún ń sanwó ọkọ̀ ojú omi nítorí ọmọ tí kò rí rí, ọpẹ́ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣí dúrọ́ọ̀mù náà, ohun tí à ń bá níbẹ̀ kì í dọ́gba. Ìwé ìtàn aláwòrán tó ṣì ń dán á wà níbẹ̀. Ìwé ìṣirò tí ọmọ ẹlòmíràn ti kọ ìdáhùn sí tán á wà níbẹ̀. Mo ti rí ìwé tó ń kọ́ni ní Windows 95. Mo ti rí ìwé ìmọ̀ tó ṣì ń pe Èkó ní olú ìlú Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti kó lọ sí Àbújá. Àwọn tó dára jù, tí àwọn ọmọ ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ni ẹ̀yìn wọn sábà máa ń já. Bí ọmọ mélòó kan bá ti ṣí i, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Nínú ilé tí bàbá àti ìyá wà, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ka ìwé kan. Nílé ọmọ òrukàn, gbogbo ilé ló ni ín. Ọmọ ọdún márùn-ún á gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń bá wọn lọ sórí ibùsùn, ó ń bá wọn dé abẹ́ igi, ó ń bá wọn wọ ilé oúnjẹ. Ìwé tó lè lo ọdún mẹ́wàá nínú yàrá ọmọ kan kì í lo sáà kan tán lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ìwé tó bá máa wọlé tọ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ le ju ti ọmọ olówó lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 sọ pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Kò yọ ọmọ tí kò ní òbí sílẹ̀. Bí a bá ń fi ìwé tó já lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ léraléra, tí a sì ní kó dúpẹ́, ohun kan là ń sọ fún un nípa ara rẹ̀, ọmọdé sì gbọ́n tó láti gbọ́ ọ.

Mo gba Mọ́kọ́lá lọ nítorí pé àwọn atẹ̀wé pọ̀ níbẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, tí wọ́n bá sì fẹ́ di ìwé, gọ́ọ̀mù ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣì ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé ṣọ̀wọ́n. Bàbá tí wọ́n júwe fún mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ṣì wà lódidi, kí wọ́n tó pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba àti ti ilé ẹjọ́, àwọn tó nípọn tó sì wúwo, ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́.

“Tíṣà, ìwé mélòó lẹ fẹ́ kí n bá yín dì?”

“Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ni.”

Mo ṣàlàyé nípa àwọn ọmọ náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì dárúkọ owó ìkọ́ṣẹ́, kò yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí n ra irinṣẹ́ tèmi. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbé kiri láti ìgbà náà: “Mi ò ní tìtorí pé ọmọ òrukàn ló ni ín kí n kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bí a ṣe ń rán ìwé adájọ́ la ó ṣe rán tiwọn.”

Títú ìwé ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó gbé mẹ́ta síwájú mi. Pínnì ni wọ́n fi kan èkíní láàárín, bíi nóòtù ọmọ iléèwé. Èkejì, wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀yìn ewé rẹ̀ kúrò, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo. Ẹ̀kẹta, tákàdá ńlá ni wọ́n ṣẹ́ po, wọ́n to àwọn ìṣẹ́po náà léra, wọ́n sì fi òwú rán wọn pọ̀. Tákàdá kan tí a bá ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹta á di ewé 8, ìyẹn ojú ìwé 16. Ibi ìṣẹ́po yẹn ni agbára ìwé wà, nítorí pé abẹ́rẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ewé kankan kò sì lè dá bọ́ lẹ́yìn ìkejì rẹ̀.

Oríṣi kejì ló pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa. Kò náwó púpọ̀ láti ṣe, ó sì rọrùn fún ẹni tó fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbẹ bó ṣe ń dàgbà, ooru sì ń yára bà á jẹ́, tó bá di ọjọ́ kan, bí a bá ti tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, á dún, á sì là. Mo ti gbọ́ tí àwọn olùkọ́ ń bá ọmọ wí nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣíṣí ló ṣí i.

Bàbá tún fi hàn mí bí a ṣe ń mọ ìwé tí abẹ́rẹ́ kò lè gbà là. Àwọn ìwé olówó pọ́ọ́kú, igi tí wọ́n kàn lọ̀ ni wọ́n fi ṣe tákàdá wọn, ohun tó kù nínú igi náà ló ń mú kí ó pọ́n, kí ó sì máa rún. Ẹ mú igun ewé kan, ẹ ṣẹ́ ẹ síwájú, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn. Bí igun náà bá já lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀, òwú kò ní ríbi dì mú. Ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan fọ́nrán tákàdá. N kò mọ̀ rí pé tákàdá ní ibi tó dojú kọ. Bàbá ní kí n ká a lọ́wọ́ láì ṣẹ́ ẹ, kí n ká a lóròó, kí n tún un ká níbùú. Ọ̀kan á rọ̀, ọ̀kan á ta kú. Ojú ibi tí ìká náà bá ti rọ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ bá rìn. Láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀ ni fọ́nrán yẹn gbọ́dọ̀ dúró, ì báà jẹ́ ti ewé, ì báà jẹ́ ti páálí èèpo, nítorí pé bí omi bá kan fọ́nrán, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n á sanra. Ẹni tó bá gbé e níbùú, bó ti wù kí ìrán rẹ̀ dára tó, èèpo ìwé rẹ̀ á tẹ̀ kọ́rọ́ tó bá gbẹ, òjò àkọ́kọ́ á tún bà á jẹ́ sí i. Ní ìlú tí ọyẹ́ ń mú nǹkan gbẹ lóṣù Kìíní, tí afẹ́fẹ́ sì ń tutù rinrin lóṣù Keje, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀.

Láfún ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò wà lórí tábìlì Bàbá, ẹ̀yìn ìwé ló ń fi í pa, níbi tí nǹkan ti gbọ́dọ̀ le kó sì tún máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ewé tó ya, láfún ló ń sè. Á jọ̀ ọ́ kúnná, á fi omi tútù pò ó títí kò fi ní kókó, á wá gbé e ka iná jẹ́jẹ́, kò sì ní gbé ọwọ́ kúrò níbi ríro rẹ̀ títí tí funfun rẹ̀ á fi ṣá, tí á máa dán. Tó bá tutù, á tún fi aṣọ jọ̀ ọ́. Ó bá ẹ̀kọ tí àwọn aládìrẹ ń fi ya aṣọ tan, láfún kan náà ni, àmọ́ àwọn a máa fi álọ́ọ̀mù àti copper sulphate sí tiwọn. Bàbá kì í jẹ́ kí copper sulphate dé inú ìkòkò rẹ̀ rárá. “Ọmọdé á fi itọ́ ra ìka kó tó ṣí ewé,” ló wí. Kànáfùrù ló ń sè sínú omi tó fi ń po láfún, kó má baà tètè bu, kí kòkòrò má sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ìdí tó fi yan láfún ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣàánú mọ̀. Ohun tí a bá fi láfún lẹ̀, omi lè tú u. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ bá dé lọ́la, á lè yọ iṣẹ́ wa kúrò kó ṣe tirẹ̀, ìwé náà kò sì ní ya. Sẹ́lótéèpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pọ́n, ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú ọ̀rọ̀, tí ike rẹ̀ bá bọ́, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ló ti jẹ sẹ́lótéèpù yó kí ó tó kúrò ní London. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ewé tó ya sílẹ̀ bó ṣe ya. A mọ ohun tí a ó fi ṣe é: tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi omi là, tí a wá fọwọ́ ya, kì í ṣe èyí tí a fi ọ̀bẹ gé, torí pé etí tó ya ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó ń di ewé náà mú, ojú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí oríkèé rẹ̀.

Rírán ló pẹ́ jù kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ìlu là ń fi lu ihò sí àárín ìṣẹ́po, a ó ti fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sàmì sí i kí gbogbo ihò lè ṣe déédéé. Ìda oyin là ń fi pa òwú, kó má baà lọ́ mọ́ra, kó sì lè dúró síbi tí a fà á sí. Abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, á yí ìgbànú aṣọ tó wà ní ẹ̀yìn ká, á tún wọlé. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó fi òwú kọ́ ìṣẹ́po tó wà nísàlẹ̀ lọ́rùn, ká tó gun èyí tó tẹ̀ lé e. Bí a bá fẹ́ fa òwú, a kì í fà á sókè, ìwé á ya. Bí ẹ̀yìn ìwé ṣe gùn là ń fà á tọ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Kò sí ìwé tó lè kọ èyí sílẹ̀. Bàbá bi mí pé, “Tíṣà, ẹ ti dirí fún ọmọ rí, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bó ṣe rí náà nìyẹn: kì í ṣe èyí tó le tí orí á máa fọ́ ọmọ, kì í ṣe èyí tó dẹ̀ tí á tú kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi ti gbọ́ ohun tó ń sọ. Òun á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ìwé tí mo rán, bí ó bá mì, á ní kí n tú u. Mo tú púpọ̀, mo tún wọn rán.

Ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kò ní ìṣẹ́po tí a lè rán. Èyí tó bá tín-ín-rín, a ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó rán an láti iwájú dé ẹ̀yìn, á le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ṣí pẹrẹsẹ mọ́. Èyí tí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn gan-an, a ó fi tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́ àti láfún so ewé méjì-méjì pọ̀ kí wọ́n lè di ìṣẹ́po, a ó wá rán wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń gba àkókò, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é fún gbogbo ìwé inú dúrọ́ọ̀mù. Yíyàn ló kù.

Níbi yíyàn yìí ni Bàbá ti le jù. Yóò gbé ìwé sókè, yóò bi mí pé, “Ta ló máa ka èyí?” Bí n kò bá lè júwe ọmọ náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó ń kọ́ lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí n fi òwú ṣòfò lé e. Mo rí i lẹ́yìn náà pé àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìfiwé-tọrẹ dé ibi kan náà. Book Aid International bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Lady Ranfurly ní Bahamas ní 1954, ìwé tí àwọn èèyàn ti kà tán ni wọ́n ń kó jọ nígbà náà. Lónìí, ìwé tuntun láti ọwọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Books For Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní Minnesota ní 1988, ń fi kọ̀ǹtéénà ránṣẹ́, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 ń gbà tó ìwé 22,000. Ẹ fojú inú wo kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé láìsí ẹni tó béèrè ta ló máa kà á.

Ìbéèrè Bàbá yẹn náà ló jẹ́ kí n rí ohun tí kì í sí nínú dúrọ́ọ̀mù: ìwé Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀, Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́ dé ilé náà. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì wà lọ́jà. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni ìlú àwọn olùtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni Oxford University Press ti ṣí ẹ̀ka sí ní 1949, èyí tó di University Press Plc. Owó tí wọ́n fi ń gbé dúrọ́ọ̀mù kan la òkun kọjá lè ra ìwé tuntun fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Dùgbẹ̀, lédè tí wọ́n gbọ́, kó sì tún fi owó sápò ẹni tó kọ ọ́. Mo kọ èyí sínú lẹ́tà sí àwọn ará London. Àwọn kan bínú díẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́.

Àwọn atẹ̀wé Mọ́kọ́lá ń gé etí tákàdá dànù lójoojúmọ́, funfun báláú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ń ṣẹ́ ẹ po, mo ń rán an, mo ń fi páálí àti àǹkárá ṣe èèpo fún un, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nínú ilé tí aṣọ, bàtà àti abọ́ ti jẹ́ ti gbogbo wọn, ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo kò wọ́pọ̀. Àwọn kan kọ ìtàn ìyá wọn sínú rẹ̀. Àwọn kan kò tíì kọ nǹkan kan, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ń bá mi rán an. Láfún ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sè. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìlu lé wọn lọ́wọ́, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú mi tó wọn. Wọ́n ti wá mọ ìwé tó já ní ẹ̀yìn yàtọ̀ sí èyí tó já ní èèpo, wọ́n sì ń gbé e wá fún mi kó tó bàjẹ́ jù. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí òwú rẹ̀ máa ń dúró déédéé ju tèmi lọ, ti ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn ará London ló sanwó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, dípò dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ì bá fi ránṣẹ́ lọ́dún yẹn, wọ́n sì ra irinṣẹ́ tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Bàbá kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, tó nípọn tó sì wúwo, ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ náà.